Mo Purọ́ Mọ́ Ìyàwó Àbúrò Mi Nítorí Omi Ìwẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko sínú adágún ìwẹ̀, ṣé omi inú rẹ̀ á mọ́ sí i ni, àbí á bàjẹ́?

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa sọ. "Ṣebí omi òjò ni? Omi mímọ́ ló bọ́ sínú omi mímọ́, kí ló tún kù?" Bí mo bá ní kí ẹ nawọ́ sókè, ọwọ́ á pọ̀. Ẹ má tijú. Ohun tí èmi náà rò nìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Ẹ wò ó báyìí. Omi ìwẹ̀ tó dára dà bí ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Bí ẹnì kan bá da korobá omi kan sí ọbẹ̀ yẹn, omi ọ̀hún ì báà mọ́ bí dígí, ọbẹ̀ ti bàjẹ́. Òjò á bomi la oògùn tó ń pa kòkòrò, èyí tí à ń pè ní kilorín. Á bomi la ohun tó ń di omi mú kó má baà kan lójijì. Á tún gbá ewé àti ìdọ̀tí ilẹ̀ wọlé, ìwọ̀nba kilorín tó kù á máa bá ìdọ̀tí yẹn jà títí yóò fi tán.

Ṣé ó yé yín débi tí mo bá a dé? Ó dáa. Ẹ wá gbọ́ bí èmi tí mo mọ gbogbo èyí, tí mo tún ń fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ṣe fi omi jó ọmọ ọlọ́mọ lójú, tí mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Inú ń bí mi sí ọ̀gá mi. Ṣùgbọ́n sí ara mi gan-an ni inú ń bí mi jù.

Kíláàbù eré ìdárayá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni olùtọ́jú adágún ìwẹ̀ wọn. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè mí. N kò ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, ẹnu mi ni kì í sinmi àlàyé. Bí ìyá tó ń gbálẹ̀ bá béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé omi tutù lónìí, màá kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì ya pọ́ǹpù sórí sìmẹ́ńtì fún un kí n tó dáhùn.

Ìyàwó àbúrò mi ni igbá kejì mi. Èmi ni mo mú un wọ ibi iṣẹ́ náà, èmi ni mo sì kọ́ ọ. Bó bá ń bá mi ṣeré, á ní, "Ọkọ mi obìnrin, ẹ kú iṣẹ́ o." Bí ọ̀rọ̀ bá le, á ní, "Àǹtí." Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí o bá kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti di tirẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé ni òjò náà bẹ̀rẹ̀. Kò dá títí di alẹ́ Ọjọ́rú. Nígbà tí a débi iṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, omi ti kún dé ètè adágún, ó sì ti ṣú bí omi tí wọ́n fi ṣan ewé. Sílípáàsì ẹsẹ̀ kan ń léfòó láàárín rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó sórí àtẹ̀gùn irin bí ọmọ ẹgbẹ́ tó ti pẹ́.

"Àǹtí, a ti ní àlejò," ni ìyàwó àbúrò mi wí.

"Bi í bóyá ó mú káàdì rẹ̀ dání."

A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wa. Ẹ̀rín tí àwa méjèèjì jọ rín kẹ́yìn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ ká ṣe, kí ẹ lè mọ bí ohun tí mo fò ti pọ̀ tó. Ewé àti pàǹtírí la ó kọ́kọ́ kó kúrò. Lẹ́yìn náà, a ó fa omi tó lé jáde, títí yóò fi sọ̀ dé ìdajì ẹnu ihò ara ògiri tó ń gba ewé, torí bí omi bá bo ihò yẹn mọ́lẹ̀, kò ní lè fa ìdọ̀tí ojú omi mọ́. A ó fọ àgbá iyanrìn tó ń sẹ́ omi, a ó tan pọ́ǹpù. Ìgbà yẹn la ó tó dán omi wò. Sódà ló ń kọ́kọ́ wọlé, kí omi lè ní ohun tó dì í mú. A ó dúró kó kárí. A ó wo bóyá ó kan jù tàbí kò kan tó. Kilorín ló gbẹ̀yìn, níwọ̀nba, nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, kí oòrùn má baà jẹ ẹ́ tán. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó tún dán an wò. Ẹni tó bá yára gan-an á lo ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn irú òjò yẹn, ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀gá wa fún mi ní ọjọ́ kan.

Ó dúró ní etí omi nínú bàtà dídán rẹ̀, kò wo omi, fóònù rẹ̀ ló ń wò.

"Tíṣà, lọ́la àwọn ọmọ máa dánra wò nínú púùlù yìí. Lọ́túnla, ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ọjọ́ Àìkú. Omi tí ẹ rí yìí—"

"Mi ò ní kí o ṣàlàyé."

"Sà, bí mo bá kánjú, kilorín—"

"Ṣó o rí i? O tún ti bẹ̀rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ti pe gbogbo olùtọ́jú omi láti kíláàbù wa méjì yòókù. Bí ìdíje bá parí, mo fẹ́ kí o dúró níwájú wọn kí o kọ́ wọn. Mo ti ní kí wọ́n gbé pátákó ńlá wá. Láti ọjọ́ náà lọ, ìwọ ni olórí ẹ̀kọ́ fún kíláàbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ bí púùlù tìẹ gan-an bá wà ní títì, kí lo fẹ́ kọ́ wọn? Bí wọ́n ṣe ń ti púùlù?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, pátákó yẹn ló mú mi. Kì í ṣe owó. Pátákó, ṣọ́ọ̀kì, àti èèyàn tó jókòó tó ń sọ pé, "Tíṣà, ẹ tún ibẹ̀ ṣàlàyé." Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń fẹ́ ẹ.

"Kó ṣáà ti mọ́ lójú," ni ọ̀gá sọ bó ṣe ń lọ. "Ojú làwọn àlejò ń lò, wọn ò ní mu ún."

Mo yíjú sí ìyàwó àbúrò mi. "Gbé korobá kilorín wá."

"Kilorín kẹ̀? Àǹtí, a ò tíì fa omi jáde. A ò tíì fi sódà sí i."

"Ṣé o gbọ́ mi ni àbí o ò gbọ́ mi?"

Ó gbé e wá.

Mo da korobá kìíní sí i. A dúró, a dán an wò. Ẹ jẹ́ kí n fi bí a ṣe ń dán an wò hàn yín. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí a ń bu omi sí. A ó ju hóró oògùn kan sínú rẹ̀, a ó mì í. Bí kilorín bá wà, omi inú ìgò á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí kilorín bá ṣe pọ̀ tó ni á ṣe pọ́n tó, a ó sì fi wé àwọ̀ ara páálí kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí, omi á funfun kedere.

Ó funfun kedere. Ìdọ̀tí ti jẹ korobá kìíní tán.

Mo da ìkejì. Ó funfun. Mo da ìkẹta. Ìyàwó àbúrò mi mú ìgò náà sójú, ó mì í, ó sì pariwo.

"Àǹtí, mo rí pupa! Ó yọ fìrí, ó sì parẹ́."

"Ojú rẹ ló ń ṣe ọ́."

"Rárá o. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé bó bá pọ̀ kọjá ààlà, kilorín á pa àwọ̀ yẹn rẹ́, bó ṣe ń pa àwọ̀ aṣọ rẹ́? Pé ìgò á funfun bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká bomi là á ká tún un dán."

"Ta ló kọ́ ta nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí, ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ náà—"

"Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, máa panu mọ́! Gbé korobá kẹrin wá."

Ẹ sún mọ́ mi, mo fẹ́ sọ ohun kan fún yín tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Èmi náà rí pupa yẹn. Ó yọ fìrí, mo sì rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá bomi là á, òótọ́ á jáde. Bí òótọ́ bá jáde, adágún á wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá wà ní títì, pátákó mi lọ. Mo da korobá kẹrin.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹ ò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Ó dúdú bí aró níbi tó jìn, ó mọ́ gaara níbi tí kò jìn. Ẹ lè ka táìsì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá dé, ó gbójú kúrò lára fóònù fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Tíṣà! O ò rí ara ẹ? O sì ń sọ fún mi pé ọjọ́ mẹ́ta."

Ó ku ìwé. Ní gbogbo àárọ̀, a gbọ́dọ̀ kọ ohun tí a rí nínú ìgò sínú ìwé kan tó so mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá pọ́ǹpù, kí ẹnikẹ́ni tó wọ omi. Ọwọ́ mi gbẹ, ṣùgbọ́n mo ní ó tutù.

"Bá mi kọ ọ́. Kilorín, méjì. Kíkan, méje ààbọ̀."

Ó di báírò mú, kò kọ nǹkan kan. "Àǹtí, mi ò rí nọ́ńbà yìí nínú ìgò kankan."

"Ṣé mo ní kí o rí i? Mo ní kí o kọ ọ́."

"Àǹtí."

"Ṣé n kò tó ẹni tó ń rán ọ níṣẹ́ mọ́ ni? Kí n pe ọkọ rẹ?"

Ó kọ ọ́. Ó rọra kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ dúró dáadáa bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ọmọ méjìlá ló wọ omi ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Èkejì ní ojú ń ta òun. Kóòṣì wọn fọn fèrè, ó ní kí gbogbo wọn jáde. Wọ́n jáde pẹ̀lú ojú tó pọ́n bí ata. Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ló gbẹ̀yìn. Kò lè gun àtẹ̀gùn. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, èémí ò délẹ̀, aṣọ ìwẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù ti ṣí ní èjìká.

Kóòṣì gbé e síta. "Kí lẹ fi sínú omi yìí? Mo ní kí lẹ fi sí i!"

Èmi ló ń bi.

Ìyá ọmọ náà dé láti ibi tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí, ó ń sáré láìní bàtà lẹ́sẹ̀. Kò ké. Ó kàn wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń há ojú wa sórí, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀gá ní kí wọ́n fi tapólì bo adágún náà kí ẹnikẹ́ni má baà tún rí i. Ó pe àwa mẹ́ta sí ọ́fíìsì: èmi, ìyàwó àbúrò mi, àti kóòṣì. Ó gbá ìwé náà mọ́ tábìlì.

"Kilorín, méjì. Kíkan, méje ààbọ̀. Ó pé pérépéré nínú ìwé. Ọmọ sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà," ni ìyàwó àbúrò mi wí.

Ó sì yíjú sí mi. Kò tọ́ka sí mi. Ó kàn ń dúró kí n la ẹnu.

Ẹ bá mi ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá. Ẹ má kánjú. Ó ti tó? Bó ṣe ń wò mí pẹ́ tó nìyẹn.

Mo la ẹnu. Mo ní, "Mo ti kọ́ ọ, sà. Bóyá kò yé e ni."

"Kò yé e!" Kóòṣì fò dìde. "Kò yé e, ẹ sì jẹ́ kó da oògùn lé ọmọ mi méjìlá lórí? Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni?"

"Láti òní lọ," ni ọ̀gá wí, "o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi mọ́, níbí àti ní kíláàbù méjì yòókù. Màá fi ránṣẹ́ sí wọn. Kó ẹrù rẹ."

Ìyàwó àbúrò mi bọ́ bàtà òjò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tò wọ́n pọ̀ létí ògiri. Kò sunkún. Ó wò mí.

"Àǹtí," ó ní, "ó ti wá yé mi báyìí."

Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé òun ló da oògùn yẹn?"

"Àwa méjèèjì la wà níbẹ̀. Ṣé o mọ bí iṣẹ́ ṣe máa ń rí—"

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín. Mo bi í, ó ní kí n lọ bi ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun ò ní fi ẹnu òun sọ̀rọ̀ yín ní búburú nínú ilé òun."

Ẹ wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún mi o. Ẹ wo bí mo ṣe tì í.

"Ìyàwó rẹ lórí kunkun. Ìwọ náà ṣáà mọ̀."

"Láti ìgbà wo? Ọdún méjì ló fi kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ yín. Ó máa ń kà á sí mi létí bí ẹni ń ka oríkì. Tí wọ́n bá ní kò tún lè ṣe é níbikíbi, kí ló fẹ́ ṣe?"

"Á rí òmíràn ṣe."

Mo gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ sọ nǹkan kan lẹ́yìn. Mo sì gbọ́ tí àbúrò mi jágbe mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ ń mi fóònù lọ́wọ́ mi: "Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kì í purọ́! Kì í purọ́, o gbọ́?"

Mo pa fóònù. Mo jókòó. N kò pè é padà.

Wọ́n fagi lé ìdíje, ṣùgbọ́n àwọn olùtọ́jú omi ti ń bọ̀, ọ̀gá kò sì fẹ́ dá wọn padà. "Kọ́ wọn bẹ́ẹ̀," ó ní fún mi láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. "Fi ohun tí obìnrin yẹn ṣe ṣe àpẹẹrẹ, kó má baà ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn."

Mo dúró níwájú pátákó ńlá. Èèyàn mẹ́sàn-án jókòó. Mo ya adágún, mo ya pọ́ǹpù, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí igbá kejì mi ti ṣe àṣìṣe." Ohun tó ń bí mi nínú jù títí dòní ni èyí: mo gbádùn rẹ̀. Fún ìdajì wákàtí, mo ṣi ìyàwó àbúrò mi lò bí ṣọ́ọ̀kì, mo sì gbádùn rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kúkúrú kan wọlé pẹ̀lú àpótí kékeré lọ́wọ́. Òun ni aṣàyẹ̀wò omi láti ọ́fíìsì ìlera. Ilé ìwòsàn ló ta á lólobó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyàwó àbúrò mi wà, àbúrò mi sì tẹ̀ lé e.

"Mo ní kí gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan omi náà wà níbí," ni aṣàyẹ̀wò wí. "Màdáámù tó wà níwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dán an wò."

Wọ́n bu omi wá lábẹ́ tapólì. Oòrùn kò rí i jẹ láti àná, bí mo ṣe da oògùn sí i náà ló wà. Mo ju hóró oògùn sí ìgò. Mo mì í. Ó funfun kedere.

"Kò sí kilorín kankan níbẹ̀!" ni bàbá kan láti kíláàbù kejì wí. "Kí ló wá jó ọmọ náà lójú?"

"Ẹ gbọ́ o!" Ọ̀gá ti dìde, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Omi wa ò ní nǹkan kan nínú. Ọmọ náà ti lè ní àìsàn tirẹ̀ láti ilé."

Èmi ni aṣàyẹ̀wò ń wò. "Màdáámù, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ẹnu mi, tí kì í sinmi, kọ̀, kò ṣí.

Ó yíjú sí ìyàwó àbúrò mi. "Ìwọ ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ò yé. Wá, wá fi bí kò ṣe yé ọ hàn wá."

Ó bọ́ síwájú. Ó gba ìgò lọ́wọ́ mi láìfọwọ́ kan ìka mi. Ó kọjú sí àwọn èèyàn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

"Ẹ fara balẹ̀ ká jọ wò ó," ó ní. Ohùn mi ni. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an ni, tòun ti ọwọ́ tí mo máa ń gbé sókè. "Funfun lè túmọ̀ sí pé kilorín kò sí. Ó sì lè túmọ̀ sí pé ó pọ̀ débi pé ó ti pa àwọ̀ rẹ́. Báwo la ó ṣe mọ̀? Ìdá kan omi púùlù. Ìdá mẹ́sàn-án omi mímu inú ike. Ẹ wò ó."

Ó bomi là á. Ó ju hóró oògùn sí i, ó mì í, ó sì gbé e sókè sí ojú fèrèsé.

Ó pọ́n. Gbogbo yàrá rí i.

"Mẹ́ta," ó ní. "A ti là á lọ́nà mẹ́wàá. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá."

"Ọgbọ̀n," ni bàbá kíláàbù kejì wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọgbọ̀n! Mẹ́ta náà kọ́ ni kò yẹ kó kọjá?"

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?" ni aṣàyẹ̀wò béèrè.

"Àǹtí mi."

"Ǹjẹ́ o sọ fún wọn kí àwọn ọmọ tó wọ omi?"

"Ẹ bi wọ́n, mà."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ṣọ́ọ̀kì ti rún sí mi lọ́wọ́.

"Ó sọ fún mi," ni mo wí. "Ó ní ká bomi là á, mo ní kó panu mọ́. Èmi ni mo da oògùn. Èmi ni mo pe nọ́ńbà. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi kọ ọ́."

Ariwo ta. Kóòṣì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, "Áà! Ẹ̀yin, Tíṣà? Èmi ni mo bú obìnrin yìí lójú yín, ẹ sì jókòó tì í?" Ṣùgbọ́n àbúrò mi ni n kò lè gbàgbé. Kò pariwo. Ó sún mọ́ mi títí èémí rẹ̀ fi kàn mí lójú.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n bú ìyàwó mi mọ́jú," ó ní. "Ẹ gbọ́ mi lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí n máa bú u lọ."

Ọ̀gá kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. "Tíṣà, o tàn mí! O ba kíláàbù mi jẹ́!"

Inú bí mi, ó bí mi débi pé mo gbàgbé ẹ̀bi tèmi. "Ọ̀gá, ta ló ní kó ṣáà ti mọ́ lójú? Ta ló ní àwọn àlejò ò ní mu ún?"

"Èmi? Kí ni èmi mọ̀ nípa omi?"

Bó ṣe bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ó ṣì wà lórí àga rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí mo bá lọ gba owó oṣù, tí mo ń kọjá lẹ́bàá ọ́fíìsì rẹ̀, eyín mi máa ń wá ara wọn.

Mo kúnlẹ̀ fún ìyàwó àbúrò mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí n dìde.

"Ẹ má bẹ̀ mí níbi tí ẹnì kankan ò ti rí wa. Ìṣojú èèyàn lẹ ti sọ tèmi. Bí wọ́n bá lé mi, màá rí ibòmíràn lọ, kò sí wàhálà. Àmọ́ ẹ ní kò yé mi! Òru ni mo fi ń ka nǹkan yẹn, Àǹtí. Ẹ padà sínú yàrá yẹn kí ẹ sọ fún wọn pé ó yé mi."

Mo padà wọlé. Mo sọ ọ́ níwájú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, pẹ̀lú ọ̀gá àti kóòṣì. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, òun sì ni ẹ̀kọ́ tó le jù tí mo tíì kọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ mi, wọ́n fi fún un. Òun ló tún omi náà ṣe. Ó ṣí tapólì kí oòrùn lè jẹ kilorín, ó fa omi jáde díẹ̀díẹ̀, ó da omi tuntun sí i, ó fi sódà sí i, ó dúró, ó dán an wò, ó tún dúró. Ó gba ọjọ́ mẹ́jọ. Ọ̀gá bá a jà lójoojúmọ́, òun kò kánjú. Ọmọdébìnrin náà ti gbádùn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti mú un kúrò. Ó ní eré sísá ni ọmọ òun máa ṣe, ilẹ̀ kì í jó èèyàn lójú.

Èmi ń fọ ọ̀nà omi ìdọ̀tí ní kíláàbù kejì báyìí. Àbúrò mi ń gbé fóònù mi bí mo bá pè é, á kí mi, á sì ní òun ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò pè mí ní ọkọ mi obìnrin mọ́. "Mà" ló ń pè mí, bó ṣe ń pe àlejò tó wá béèrè ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá yín dé òpin ẹ̀kọ́ tòní. Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú. Nígbà tí òjò ńlá bá tún dá lọ́dọ̀ yín, tí ọmọ yín sì gbé aṣọ ìwẹ̀ rẹ̀ sápò, ẹ bá a lọ. Bí omi bá ń dán bí dígí, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ wá olùtọ́jú rẹ̀ lọ, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ ní kó jọ̀ọ́, kó dán omi náà wò lójú yín. Bó bá rẹ́rìn-ín, tó nawọ́ mú ìgò, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó bá bínú, ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú, kí ẹ máa lọ sílé. Ká ní ẹ bi mí lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, èmi náà ì bá bínú.